Òṣíbàtà: Ewé Orí Omi Tí Ó Dé Oxford

Òṣíbàtà kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ àwọn àbàtà agbègbè Owódé Ẹ̀gbá, ní ìhà Mowe àti Ìbàfò. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi. Òdòdó rẹ̀ funfun, a máa là ní alẹ́, a sì máa padé bí oòrùn bá ti mú. Àwọn baba wa a máa fi òun àti òjúoró súre pé kí ẹni wọn lékè. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń hù láìgbìn, a kò kà á sí ohun tí ó ní ìtàn. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì kàn wá.

Òṣíbàtà funfun yìí ni Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, sọ ní Nymphaea lotus ní ọdún 1753. Òun kan náà ni ó ń hù nínú omi Náílì. Àwọn ará Éjíbítì ìgbàanì ya àwòrán rẹ̀, àti ti àbúrò rẹ̀ aláwọ̀ aró, sára ògiri wọn. Nígbà tí a ṣí ibojì Ọba Tutankhamun, èyí tí a rí ní 1922, a bá ewé òdòdó aláwọ̀ aró náà nínú ẹ̀gbà òdòdó tí a fi sin ín.

Irú kẹta wà, tí í ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, Nymphaea micrantha. Guillemin àti Perrottet ni wọ́n ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé wọn lórí ewéko Senegal àti Gambia, tí ó jáde láàárín 1830 sí 1833. Ní 1830 náà ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Ìyanu rẹ̀ nìyí: ní ojú ibi tí igi ewé ti pàdé ewé gan-an ni ọmọ ti ń yọ, pẹ̀lú ewé wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò tirẹ̀, bí ìyá tí ó pọnmọ.

Ní Oxford ni a ti mú àdàlù kan jáde tí a fi orúkọ Charles Daubeny, olùkọ́ àgbà nípa ewéko níbẹ̀, pè. Àwọn onímọ̀ gbà pé irú ti Náílì aláwọ̀ aró àti irú tiwa yìí ni òbí rẹ̀. Ọmọ náà jogún àbùdá pípọnmọ lórí ewé, nítorí náà ẹni tí ó bá gba ewé kan ti gba igi kan. Báyìí ni ó ṣe tàn káàkiri. Ẹ wò ó: ní 1864, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Oxford kan náà, ni a fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, lọ́lá. Ohun méjì láti ilẹ̀ tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni ó gba iyì níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín nílé, kí ó wá ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò, kí ó fi ẹrẹ̀ tí ó dì sí ìdí rẹ̀, kí ó da iyanrìn díẹ̀ lé e, kí ó sì pọn omi sí i. Bí ó bá jẹ́ irú tí ń pọnmọ, kí ó já ewé tí ó ti ní ọmọ, kí ó tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀ nínú omi tí kò jìn títí yóò fi ta gbòǹgbò. Òṣíbàtà funfun tiwa kì í pọnmọ lórí ewé. Irúgbìn àti iṣu ìdí rẹ̀ ni a fi ń gbìn ín. Bí òdòdó bá ti rọ, a tẹrí sínú omi, a sì so èso níbẹ̀. Kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í, nítorí bí ó bá bẹ́, irúgbìn a léfòó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a rì. Kí a gbìn ín kí ó tó gbẹ. Iṣu rẹ̀ a máa sùn nínú ẹrẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì jí bí òjò bá dé. Kí a má gbàgbé láti fi ẹja wẹ́wẹ́ sínú omi náà, kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ilé ń pọ̀ sí i lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, a sì ń fi iyanrìn di àbàtà. A kò lè sọ pé kí ènìyàn má kọ́lé. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá dí, òṣíbàtà ibẹ̀ kú nìyẹn. Olúwa wa ní kí a kíyèsí òdòdó. Báwo ni ọmọ wa yóò ṣe kíyèsí èyí tí kò rí mọ́? Ìkòkò kan ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n wa jù. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.