Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ owó àsúráǹsì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní àsúráǹsì kì í sábà dá san gbogbo owó ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn á fi facture ránṣẹ́ sí àsúráǹsì, àsúráǹsì á san tirẹ̀, aláìsàn á san ìyókù, bíi ticket modérateur tí àwa náà mọ̀ níbí. Tí owó bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Logiciel ló ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn báyìí, ṣùgbọ́n òfin tí èèyàn bá fún un ló ń tẹ̀ lé.

Fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní 835 ni logiciel máa ń kà. Òfin HIPAA ti ọdún 1996 ló mú kí àwọn àsúráǹsì máa lo irú fáìlì kan náà. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí dókítà ṣe, fáìlì náà á sọ iye tí wọ́n bèèrè, iye tí àsúráǹsì san, àti ìdí tí kò fi san ìyókù. Lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà ló ń sọ ìdí yẹn. PR ni gbèsè aláìsàn. CO ni èyí tí ilé ìwòsàn ò lè gbà lọ́wọ́ aláìsàn nítorí àdéhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Dókítà bèèrè dọ́là 200. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú àsúráǹsì sọ pé 120 ni iṣẹ́ náà. Àsúráǹsì san 96. Nínú fáìlì, ẹ ó rí CO-45 lórí 80, ìyẹn ohun tó lé lórí iye àdéhùn, àti PR-2 lórí 24, ìpín aláìsàn. 96, 80 àti 24 jẹ́ 200. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn: tí ìṣirò ò bá pé, kí logiciel má kọ nǹkan kan. Kó tún wò ó bóyá owó tó wọ báǹkì bá ti fáìlì mu. Nọ́ńbà kan náà ló máa ń wà lára méjèèjì.

CO-45 rọrùn: kí ó pa á rẹ́. PR-1, PR-2 àti PR-3, kí ó kọ wọ́n sọ́rùn aláìsàn. Àmọ́ tí aláìsàn bá ní àsúráǹsì méjì ńkọ́? Èkejì ni kí facture kọ́kọ́ lọ bá.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyí. Ẹlòmíràn á sọ fún logiciel pé gbogbo CO ni kó pa rẹ́, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ gbà mí, kò dáa rárá. CO-16 túmọ̀ sí pé nǹkan kan kù tàbí kò tọ́ nínú facture: wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, owó á wọlé. CO-29 ní facture pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí bá wà pé ó tètè kúrò nílé, wọ́n lè jà á. Logiciel tó bá pa wọ́n rẹ́, owó ti lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Tí wọ́n bá sì ṣe é lódì, tí wọ́n gbé CO-45 lé aláìsàn lórí, ìyá arúgbó kan lè máa san dọ́là 80 tí kò jẹ.

Nígbà míì, àsúráǹsì á gba owó tó ti san lóṣù tó kọjá padà nípa yíyọ ọ́ nínú tòní. Irú èyí, kí logiciel dúró, kó pe èèyàn. Bí ọmọ iléèwé tó há ẹ̀kọ́ sórí ló rí: ẹ bi í ní nǹkan tí kò sí nínú ìwé, á ṣì dáhùn!

Kí wọ́n tó tan òfin tuntun, kí wọ́n fi fáìlì àtijọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ kọ dán an wò, kí wọ́n fi èsì méjèèjì wé ara wọn ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tún un ṣe nígbà tí iye àdéhùn bá yí padà.