Orúkọ Ọ̀ṣuntókun nínú Ìwé Àtọ́ka

Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbòde, ìwé kan wà nílé ìkàwé ìṣègùn tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn tí àwọn dókítà kì í yé wá wò. Science Citation Index ni wọ́n ń pè é. Eugene Garfield ló dá a sílẹ̀ ní Philadelphia láàárín 1963 sí 1964. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré débi pé awò ojú nìkan kò ká a. Dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá la fi ń kà á. Orúkọ ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ ló máa ń ṣáájú, ọdún àti ojú ewé á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ gbogbo ẹni tó tọ́ka sí i. Dókítà á wá orúkọ ara rẹ̀, á kà á, á tún un kà. Inú àwọn kan a máa dùn lọ, àwọn kan a sì pa ìwé dé láìsọ̀rọ̀.

Orúkọ tí èmi máa ń wá ni OSUNTOKUN BO: Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935, onímọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, àrùn ilé wa ló sì gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ayé.

Ẹsẹ̀ ni àrùn náà sábà máa ń mú. Á máa jó ènìyàn, ẹsẹ̀ á sì kú, títí ẹni náà kò fi ní mọ ibi tó ń tẹ̀ mọ́. Á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ojú á ṣe bàìbàì, etí a sì lè di. Láti 1934 ni Fitzgerald Moore ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ iléèwé tí ojú wọn ń bàjẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà, tó sì fura sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ. Ní 1958, dókítà mìíràn, Money, ròyìn irú rẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀ṣuntókun kò dúró de aláìsàn nínú wọ́ọ̀dù. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìgboro lọ yẹ àwọn ará ìlú wò. Òsósà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú Hubert Ògúndé onítíátà, wà lára ibi tí wọ́n dé. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò bá ṣe dáadáa. Ara lè pa oró rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń pa á, inú oúnjẹ bí ẹran, ẹja àti ẹyin ló ti ń rí i. Ẹni tó bá ń jẹ gàrí àti fùfú láàárọ̀ lálẹ́, tí kò rí ẹja fi sí i, ni ọ̀rọ̀ náà máa ń le fún. Ìwé ìròyìn Brain gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní 1968, ojú ewé 34 gbáko.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, O. S. A. Olúwọlé padà sí Òsósà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2000 wọ́n ròyìn pé àrùn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìlú mìíràn tí sáyánáìdì inú oúnjẹ ti pọ̀, àrùn náà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí Olúwọlé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí ìwé àtọ́ka ṣe: ó ka iyèméjì yẹn mọ́ Ọ̀ṣuntókun lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí èrè. Ẹni tó kan sáárá sí i, ẹyọ kan. Ẹni tó bá a jiyàn, ẹyọ kan.

Àléébù kejì dùn mí ju ìyẹn lọ. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé yẹn ń to iṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àpilẹ̀kọ 1969 lórí oúnjẹ àti àrùn yìí, Ọ̀ṣuntókun ló ṣáájú, nítorí náà Monekosso àti Wilson tí wọ́n jọ kọ ọ́ wọ inú òkùnkùn. Ó padà kan Ọ̀ṣuntókun náà. Àwọn ará Ìdíkàn n'Íbàdàn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè, 2,494 nínú wọn, ni wọ́n fi wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé àrùn ìgbàgbé kò tó ìdajì tiwọn lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1995 tí Ọ̀ṣuntókun kú ni àbọ̀ ìwádìí náà jáde. Orúkọ rẹ̀ ló ṣe ìkejì. Abẹ́ HENDRIE HC ni ìwé àtọ́ka tò ó sí.

Google Scholar, tó ń ka ìtọ́ka lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dé ní 2004. Lọ́dún kejì, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé h-index kalẹ̀, ó wá di pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọ̀mọ̀wé bó bá ń wá ìgbéga. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ará Òsósà tó na apá fún abẹ́rẹ́ kò sí nínú àtọ́ka kankan, bẹ́ẹ̀ ni láìsí wọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá tọ́ka sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà tí ẹ ń fi fóònù ka iye ìtọ́ka yín, ẹ wá Brain ti 1968, ìdìpọ̀ 91, ẹ kà á láti ojú ewé 215 títí dé òpin. Ohun tó ń fa àrùn náà gan-an kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán.