Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ní Nàìjíríà

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni agbára tí òfin fún ẹni tó dá iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwé, orin, àwòrán tàbí fíìmù. Òun ni yóò sọ ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà, ẹni tó lè tà á, ẹni tó lè ṣe é níwájú èrò, àti iye tí onítọ̀hún máa san. Ẹni tó ra ìwé, bébà àti yíǹkì ló rà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ìbátan ẹ̀tọ́ àdàkọ ni pátẹ́ńtì, tó wà fún ohun tuntun tí ènìyàn hùmọ̀, àti àmì ọjà, tí oníṣòwò fi ń sàmì sí ọjà rẹ̀. Àwọn yẹn ní ìwé tí a ń gbà lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀tọ́ àdàkọ kò bèèrè ìforúkọsílẹ̀: bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ làálàá ẹni náà, tó sì ti wà lórí ìwé, lórí téèpù tàbí nínú kọ̀ǹpútà, ó ti di tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi wà, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tí a mọ̀ sí Baba Sàlá. Ní 1982 ló gbé Ọ̀run Móoru jáde, fíìmù tí Ọlá Balógun darí. Owó ẹ̀yáwó wà nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn eléré tíátà kì í fi fíìmù wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọn a gbé róòlù rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, wọn a háyà gbọ̀ngàn, wọn a sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà gba owó. Ẹni tí róòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fídíò ti ń wọ ilé àwọn tó rí jájẹ. Róòlù Ọ̀run Móoru bọ́ sọ́wọ́ olè, wọ́n dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó sì gbòde kí ẹni tó ni ín tó rí owó rẹ̀ kó padà. Gbèsè ló kù sí baba tó ń pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín lọ́rùn.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Láti 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn ti 1911 wá síbí, ìjọba ológun sì ṣe ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní 1970. Àmọ́ ìjìyà inú òfin 1970 yẹn fúyẹ́, kò sì sí àjọ kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jáde lọ mú ẹni tó rú u. Igbe àwọn olórin, òǹkọ̀wé àti eléré ló bí òfin 1988. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun náà ló padà di Nigerian Copyright Commission, àjọ tó ń kó ayédèrú lọ́jà tó sì ń gbé oníṣẹ́ ibi lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ní 1993, Nàìjíríà wọ àdéhùn Berne, èyí tó ń fún ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní ààbò ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Rio de Janeiro. Òfin tó wà lóde báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù nínú ohun tuntun tó mú wá: oníṣẹ́ lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí orí ìkànnì rẹ̀ láìgba àṣẹ, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀tọ́ náà kì í ṣe títí ayé. Fún ìwé, orin àti iṣẹ́ ọnà, ó máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí oníṣẹ́ kú. Òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà kú ní ìparí 1963. Bí a bá fi òfin yìí kà á, ó di òpin 2033 kí ẹnikẹ́ni tó lè tẹ ìwé rẹ̀ láìtọrọ. Ti rẹ́kọ́ọ̀dù yàtọ̀: 50 ọdún ni, láti ìparí ọdún tó jáde. Èyí máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí orin kan ṣoṣo máa ń ní ju oníǹkan kan lọ. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní tirẹ̀, akọrin ní tirẹ̀, iléeṣẹ́ tó ká a sílẹ̀ náà ní tirẹ̀. Akọrin I. K. Dáìró kú ní 1996. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó jáde ní 1962 ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá kò tíì jáde, ó di òpin 2066. Ó jọ pé Dáìró mọ ibi tí owó wà tipẹ́, nítorí ní 1969 òun àti akọrin Hárúnà Ìṣọ̀lá dá iléeṣẹ́ STAR Records sílẹ̀, kí rẹ́kọ́ọ̀dù lè jẹ́ ti àwọn tó kọrin inú rẹ̀.

Gbígba owó orin lọ́wọ́ rédíò àti òtẹ́ẹ̀lì kọjá agbára akọrin kan, ẹgbẹ́ ló ń bá wọn gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ náà, MCSN àti COSON, sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù lórí ẹni tó láṣẹ láti gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìní yìí ní ibi tó ti ń ya ènìyàn lẹ́nu. Fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ sanwó rẹ̀, ẹni tó yà á ni òfin kọ́kọ́ kà sí oníǹkan, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Èrò lásán kò sì ní olówó. Ẹnikẹ́ni lè pa àlọ́ ìjàpá. Ọ̀nà tí òǹkọ̀wé kan gbà kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ni òfin ń ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè da apá kan ìwé kọ fún ẹ̀kọ́, oníròyìn lè tọ́ka sí i, aláwàdà lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, a sì lè yí ìwé padà sí èyí tí afọ́jú lè kà.

Ẹ̀tọ́ kan tún wà tí kì í ṣe ti owó: kí wọ́n dárúkọ oníṣẹ́, kí wọ́n má sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Kí oníjàlá tó lanu, ìbà ló ń kọ́kọ́ jú, yóò sì dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ohun tí àwọn baba wa kò ṣe ni pé kí wọ́n fi iye owó àti iye ọdún sí i.

Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti kọsẹ̀ lára àdìrẹ. Ẹ wo àrà àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó ti Ìbàdàn lára. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó, nítorí náà àrà yìí kì í ṣe ti àtayébáyé. Aládìrẹ kan ló kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya òpó yẹn sára aṣọ. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò bá aṣọ náà wọ ọjà, àwọn yòókù sì ń yà á tẹ̀ lé e. Òfin ń ka ọdún láti ọdún ikú ẹnìkan. Ikú ta ni yóò kà níbí? Òfin pátẹ́ńtì àti àrà ọjà ti 1970 ń fún àrà ní ọdún 5, tí a lè sọ di 15, ṣùgbọ́n tuntun ni àrà náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Apá iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ló kù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pawó níta ibi tí àṣà ti ń lò ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba, kó sì dárúkọ ibi tó ti mú un. Ọwọ́ àjọ ni àṣẹ wà, kì í ṣe ọwọ́ aláró. Òfin Nàìjíríà kò sì dé iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àrà àdìrẹ sórí aṣọ ní Ṣáínà, tí aṣọ náà ń dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ní owó pọ́ọ́kú. Kí ó má bàa ra ti ẹ̀rọ, oníbàárà tó mojú aṣọ kì í wo iwájú rẹ̀ nìkan, ẹ̀yìn ló máa ń yí wò, bóyá aró là á já dé ibẹ̀.