Àtẹ inú kọ̀ǹpútà: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ti èdè kan bọ́ sí òmíràn mọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mu, pàápàá bí wọ́n bá fi èdè kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n sì ní àtẹ lọ́wọ́.

Àtẹ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní array, kò ní í ṣòro fún ẹni tó bá mọ ọjà Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́, nípìnlẹ̀ Èkó. Ká ní ẹnì kan fẹ́ kọ iye owó tòmátò, ata rodo àti àlùbọ́sà sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọjà kan, òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ kan. Iye 12 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá to ti ọ̀sẹ̀ mìíràn lé e lórí, àtẹ náà ti di oníhà mẹ́ta nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń to gbogbo iye wọ̀nyí sí nínú, ọ̀nà tí èdè kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tò ó yàtọ̀. Fortran, tí John Backus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM gbé jáde lọ́dún 1957, máa ń to òpó kan tán kó tó kan òmíràn, orí 1 ló sì ti ń kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni MATLAB, R àti Julia. C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972, ìlà ló ń tò tán ní tirẹ̀, orí òdo ló sì ti ń kà.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Owó àlùbọ́sà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò jẹ́ ìkẹfà lọ́dọ̀ Fortran, ìkẹwàá lọ́dọ̀ C. Bí wọ́n bá gbé ohun tí Fortran tò fún C láìyí i padà, tí wọ́n ní kó mú owó yìí wá, owó tòmátò Ọjọ́bọ̀ ni yóò mú wá. Kọ̀ǹpútà kò ní í pariwo, nítorí nọ́ńbà ṣáà ni lójú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé owó lé e ni yóò jẹ gbèsè.

Ọ̀fìn ti Python tún yàtọ̀. Àkójọ inú àkójọ ni àtẹ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ [[0]*4]*3 yóò rò pé òun ti ní ìlà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo náà ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá yí owó tòmátò padà, ti ata àti ti àlùbọ́sà yóò yí pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹni tó dé inú èdè tuntun kọ́kọ́ bèèrè: orí òdo ni ìkà ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí orí 1? Ìlà ló ṣáájú ni àbí òpó? Ṣé odidi kan ni àtẹ náà, àbí àkójọ inú àkójọ? Lẹ́yìn náà, kó fi àtẹ kékeré dán an wò, èyí tí iye ìlà rẹ̀ kò bá ti òpó dọ́gba, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sì jọra. Bí nǹkan bá ti wọ́, ojú ẹsẹ̀ ni yóò hàn, kó tó di pé ó kan owó ọjà.