Inú Ìtàn Ni Àkànlò Èdè Ń Gbé

Bí Yorùbá bá sọ pé lágbájá ti fi ilẹ̀ bora, àlejò tí ó mọ "ilẹ̀", tí ó sì mọ "bora", lè rò pé aṣọ ni kò sí lọ́rùn ẹni náà. Kò ní mọ̀ pé òkú ni à ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ pé garawa ni "bucket", tí ó bá gbọ́ pé bàbá kan ti "kick the bucket", lè máa wá garawa tí wọ́n ta nípàá kiri ilé, nígbà tí àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà ń palẹ̀ ìsìnkú mọ́.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú, tí a sì tún jókòó ní ilé ìwé òyìnbó, mọ irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ti yege nínú ìdánwò gírámà. Bí a bá ní kí ó to gbólóhùn, kò ní ṣì í. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá a ṣàwàdà, ẹnu rẹ̀ á wọ ṣin. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ibi tí àkànlò èdè ń gbé ni a kò mú un dé. Inú ìtàn ni ó ń gbé. Àwọn àgbà onímọ̀ Lárúbáwá ti mọ èyí tipẹ́, òun ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Bàtà Hunayn

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Bí Lárúbáwá bá fẹ́ sọ pé ẹnìkan jáde lọ wá nǹkan, tí ó sì padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní ó mú bàtà Hunayn méjèèjì darí dé. Kò sí òfin gírámà tí ó lè túmọ̀ èyí. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni ó lè tú u.

Wọ́n ní Hunayn jẹ́ oníṣẹ́ bàtà ní ìlú Hira, ní ilẹ̀ Iraq. Ará oko kan gun ràkúnmí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ná bàtà títí, kò sì rà á. Inú bí Hunayn. Ó gba ọ̀nà àbùjá, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú ọ̀nà tí ará oko náà yóò gbà, ó ju ìkejì síwájú, ó sì sá pamọ́. Nígbà tí ará oko rí èkíní, ó ní èyí mà jọ bàtà Hunayn o, ìbá ṣe pé ìkejì wà níbẹ̀, òun ìbá mú un. Ó kọjá lọ. Nígbà tí ó rí ìkejì, ó kábàámọ̀, ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì padà lọ mú èkíní. Kí ó tó dé, Hunayn ti fa ràkúnmí lọ tòun tẹrù. Nígbà tí àwọn ará ilé bi ará oko pé kí ni ó mú bọ̀ láti ìrìn àjò, bàtà Hunayn méjèèjì ni ó rí fi hàn.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ náà mọ́, yóò sì mọ ibi tí ó ti yẹ kí ó lò ó. Ìdí nìyí tí al-Maydani, onímọ̀ ará Nishapur tí ó kú ní ọdún 1124, fi kó òwe àti àkànlò èdè Lárúbáwá tí ó lé ní 4,000 jọ sínú ìwé kan, tí ó sì ń sọ ìtàn tí ó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 750, Ibn al-Muqaffa ti túmọ̀ ìwé Kalila wa Dimna láti èdè Páṣíà sí Lárúbáwá. Ìtàn ẹranko ni, ilẹ̀ Íńdíà sì ni orísun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni al-Hariri ará Basra, tí ó gbé ayé láti 1054 sí 1122, kọ Maqamat 50, nínú èyí tí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan tí ń jẹ́ Abu Zayd ti ń fi ẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti ìlú dé ìlú. Ní ilẹ̀ Hausa àti ní Ìlọrin, ìwé yìí wà lára ohun tí àwọn tí ó ti jinlẹ̀ nínú kéwú máa ń kà lọ́dọ̀ àfáà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ di gbájú-ẹ̀ bí Abu Zayd. Èdè ni wọ́n ń wá.

Ṣé ìtàn àròsọ kì í ṣe irọ́? Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Al-Hariri dáhùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀. Ó rán àwọn ènìyàn létí àwọn ìtàn tí a fi sẹ́nu ẹranko, tí ẹnikẹ́ni kò kọ etí sí, ó sì tọ́ka sí ohun tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀, pé èrò ọkàn ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́. Ẹni tí ó sọ ìtàn láti fi kọ́ni kò jọ ẹni tí ó purọ́ láti fi rẹ́ni jẹ.

Ti Gẹ̀ẹ́sì Kò Yàtọ̀

Bí ọmọ bá jẹun tán tí ó tún tọrọ sí i, àwọn ènìyàn wa á ní, "Oliver Twist ni ẹ́!" Ọ̀pọ̀ tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣí ìwé náà rí. Charles Dickens ni ó kọ ọ́, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà láti 1837 sí 1839. Ọmọ òrukàn ni Oliver, ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn tálákà sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ebi ń pa gbogbo àwọn ọmọ náà, wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò lọ tọrọ oúnjẹ sí i, gègé sì mú Oliver. Ìyà ńlá ni ó fi jẹ. Ẹ kò rí i pé ẹni tí ó ka ìtàn náà mọ̀ ju ẹni tí ó kàn gbọ́ orúkọ lọ? Ó mọ̀ pé Oliver kì í ṣe wọ̀bìà.

Bákan náà ni "man Friday", tí àwọn òyìnbó ń pe ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣeé fọkàn tán. Inú ìwé Robinson Crusoe tí Daniel Defoe tẹ̀ jáde ní 1719 ni ó ti wá. Crusoe dá nìkan wà ní erékùṣù kan fún ọdún púpọ̀ kí ó tó gba ọkùnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ pa á. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó gbà á, ó sì fi orúkọ ọjọ́ náà sọ ọ́.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni "open sesame". Yànmọ̀tí ni sesame, ìyẹn ni pé, yànmọ̀tí, ṣílẹ̀kùn! Òun ni ọ̀rọ̀ tí Ali Baba fi wọ ihò àwọn olè. Hanna Diyab, ọmọ Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, ni ó sọ ìtàn náà fún Antoine Galland ní Paris ní ọdún 1709, tí Galland fi fi í kún Alf Layla wa Layla tí ó ń túmọ̀ sí èdè Faransé. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń pe ohunkóhun tí ó bá tètè ṣí ọ̀nà fún ènìyàn. Ọmọ Lárúbáwá ni ó la ẹnu, òyìnbó ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Bí Ó Ti Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Gẹ̀ẹ́sì kò tètè dé ilé àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, a sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn oníwàásù Kírísítẹ́nì ni ó kọ́kọ́ dá ilé ìwé sílẹ̀, ìwé ìtàn wọn sì ń wàásù. Ní 1866 ni wọ́n ti túmọ̀ ìtàn èrò mímọ́ tí John Bunyan kọ sí èdè Yorùbá. Bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun yí ẹ̀sìn padà kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìwé ìtàn àti ìwé àdúrà ẹlẹ́sìn mìíràn. Nígbà tí ìjọba dá ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, tí Edward Blyden sì ṣe akitiyan lórí rẹ̀, ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní 1923. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ wa sì ya wọlé.

Ìwé wo ni wọn yóò kà? Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ronú lórí èyí ni Michael West, òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Dhaka, ní ilẹ̀ Bengal. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ilé ìwé sílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó wúlò fún wọn. Ó ní bí wọ́n bá lè kàwé fúnra wọn, wọn kò ní lọ lásán. Ó wá ń kọ ìtàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀, ó ń mú ọ̀rọ̀ tuntun wá díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tún un lò. Ní 1953 ó tẹ àkójọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,000 tí ó wúlò jù jáde. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ti dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù kò lè gba àkànlò èdè púpọ̀. Àtẹ̀gùn ni irú ìwé bẹ́ẹ̀. A kì í sùn sórí àtẹ̀gùn.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó kọ́ ilé náà fún wa. Ní ọjà Onitsha, kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú pọ̀ lọ jàra. Ọ̀kan nínú wọn ni eré Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali tẹ̀ jáde ní 1956. Nínú rẹ̀ ni Bomber Billy ti ń da gírámà ńláńlá bolẹ̀, tí ó fi di ẹlẹ́yà. Ẹ̀kọ́ ni fún ọ̀dọ́ tí ó rò pé ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé.

Ní 1960, Cyprian Ekwensi, tí wọ́n bí ní Minna, tẹ ìwé méjì jáde fún àwọn ọ̀dọ́: The Drummer Boy àti The Passport of Mallam Ilia. Nínú ti ìkejì, inú ọkọ̀ ojú irin ni Mallam Ilia ti ń sọ ìtàn ayé rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó ṣí i rí orúkọ tí ó jọ ti ilé wọn, kò sì sí ẹni tí ń fi wàá sí ẹ̀sìn mìíràn. Chinua Achebe kọ Chike and the River ní 1966, nípa ọmọdé tí ń wá owó ọkọ̀ tí yóò fi sọdá Odò Ọya sí Asaba. Ní 1977, Macmillan bẹ̀rẹ̀ Pacesetters, Mohammed Sule sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé síbẹ̀. Ní 1984, Zaynab Alkali tẹ The Stillborn jáde, ọmọbìnrin sì rí ara rẹ̀ nínú ìwé.

Inú irú ìwé báwọ̀nyí ni ọmọ ti ń rí bí a ti ń tọrọ àforíjì láìwólẹ̀ jù, bí a ti ń kọ ohun tí a fi lọ̀ wá láìṣe àrífín, àti bí ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ jà tí wọ́n tún ń parí rẹ̀. Ìwé gírámà kò ní èyí.

Bí A Ti Í Kà Á

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ohun méjì. Èkíní, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú ìtàn kọ́ ni ti ìgboro. Nínú ìwé tí Achebe tẹ̀ jáde ní 1958, Things Fall Apart, òwe Ìgbò ni ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ti Amos Tutuola ti 1952, èdè Yorùbá wa ni ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Iyì ńlá ni wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni ará London ń sọ ọ́ lójú pópó. Èkejì, ọ̀rọ̀ ń gbó. Ẹni tí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Dickens lónìí yóò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá bá àkànlò èdè pàdé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ń sọ ọ́, ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún, àti bóyá inú ń bí i ni. Ẹ fojú inú wo ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Irú èyí tí A. S. Hornby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni ó yẹ, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni wọ́n ṣe é fún. Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1942, kí Oxford tó gbé e jáde ní 1948. Ẹ kọ odidi gbólóhùn sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn inú ìtàn sókè, bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ ń sọ ọ́. Ẹ má tètè fi ọ̀rọ̀ tuntun bá àgbà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rí i níbi méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé ìwé ìtàn dání, ẹ má kàn pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í pé ìtàn kí ni. Ẹ yẹ ìwé náà wò, kí ẹ ba à lè mú èyí tí ó bá ọmọlúàbí mu. Kéwú kò ní kó bá èyí, nítorí ọ̀nà kan náà ni àwọn àfáà wa gbà kọ́ Lárúbáwá. Ọmọ tí ó lo ọdún méjìlá ní ilé ìwé, tí ó gba ìwé ẹ̀rí, tí kò sì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bàtà Hunayn ni ó mú wálé. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ràkúnmí àwọn ọmọ wa sọnù. Àmín.