Ta Ló Fẹ́ Ṣe Báàkì?

Bí ẹ bá dúró sí etí pápá kan ní Ọ̀fà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọdé bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín ara wọn. Ọmọ méjì tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ á bọ́ síwájú, wọn á sì máa mú àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó lè sáré, àwọn tó lè gbá góòlù wọlé, ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá ṣẹ́kù sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n máa sọ fún pé, "Ìwọ, lọ ṣe báàkì." Àfi bí ẹni pé ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ó ń yà mí lẹ́nu nítorí pé Ọ̀fà ni. Ìjàkadì ni a fi mọ ìlú yìí láti ayébáyé, ẹni tó bá sì mọ ìjàkadì mọ̀ pé ariwo àti fífò sókè kọ́ ni wọ́n fi ń borí. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ ló borí. Ẹ̀yìn yìí kan náà ni a wá gbàgbé nídìí bọ́ọ̀lù. Mi ò bá àwọn ọmọ náà jà o. Ìlú Ìrá, níbi tí ìdílé olóògbé Rashidi Yekini ti ṣẹ̀ wá, kò jìnnà sí wa rárá. Góòlù 37 ni ó gbá wọlé fún Nàìjíríà, òun ló sì gbá àkọ́kọ́ tí a ní nínú ìdíje ife àgbáyé wọlé, nígbà tí a na Bùlùgéríà 3-0 ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́ ṣe bíi Yekini? Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tó dúró sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí mo gbà pé a kò tíì mọ bí a ṣe ń wò wọ́n, àwa ará ìlú àti àwọn tó ń yan ikọ̀ pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ná, torí àwọn ló sọ irú ìpín àwọn ọmọdé yẹn di òfin. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ó sì rí gbọọrọ bí ẹyin. Láti 1936 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń péjọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti fi orúkọ mú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde bọ̀ láti yunifásítì. Ẹgbẹ́ tó ṣe èyí tó burú jù ní ọdún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, kó lè rí ẹni tún ilé rẹ̀ ṣe. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti yẹ ọmọ náà wò bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù: bó ṣe ga tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe yára tó, bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí.

Ní 2000, orúkọ 254 ni wọ́n pè. Orúkọ Adewale Ogunleye kò sí níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Brooklyn ní New York ni, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Indiana, ara àwọn tó ń dáàbò bo ilé ni ó sì wà. Orúnkún ló ṣe é léṣe nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, gbogbo ẹgbẹ́ bá sá fún un. Lẹ́yìn tí ọjà tú ni ẹgbẹ́ Miami ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé. Ní 2003, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó gbá ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù mú, tó gbé e dálẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìdajì líìgì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, kò sí ẹni tó ṣe tó o lọ́dún náà. Ìjàkadì gidi nìyẹn. Ará Ọ̀fà á mọ̀ ọ́n bó bá rí i. Àwọn tó ń wọn ọmọ rí orúnkún, wọn ò rí ọgbọ́n ọwọ́.

Nílé níbí, a kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ilé-ìwé, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ ni àwọn kóòṣì ti ń ṣa ọmọ. Ojú lásán ni òṣùwọ̀n wọn. Ojú lásán yìí sì ní àléébù kan: ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń rí. Góòlù tí báàkì kò jẹ́ kó wọlé kò ṣẹlẹ̀, ta ni yóò wá kà á? Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó bá wọlé, títí ayé ni.

Ẹ bi Godwin Odiye. Ní Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 1977, Nàìjíríà gba Tùnísíà lálejò ní pápá ìṣeré Súrùlérè ní Èkó. Ọ̀nà Ajẹntínà 1978 ni à ń wá. Tùnísíà gbé bọ́ọ̀lù wọ iwájú ilé wa láti ẹ̀gbẹ́, Odiye fò sókè láti fi orí gbé e kúrò, bọ́ọ̀lù bá gba orí rẹ̀ wọnú ilé wa, níbi tí Emmanuel Okala ti ń ṣọ́. Bí wọ́n ṣe nà wá 1-0 nìyẹn. Àwọn àgbà tó gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jọ́ náà ò tíì gbàgbé. Títí di òní, bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́, àwọn kan á ní, "O ti ṣe Odiye."

Mo ní kí n fi ìka ka ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí a kò kà á rí. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìdíje àṣekágbá náà: àwa, Tùnísíà àti Íjíbítì. Àmì 2 ni ẹni tó bá borí ń gbà nígbà náà, ọ̀mì sì jẹ́ 1. A ta ọ̀mì 0-0 ní Tunis. A na Íjíbítì 4-0 ní Èkó. Wọ́n nà wá padà 3-1 ní Cairo ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ọjọ́ Odiye, Íjíbítì na Tùnísíà 3-2, Tùnísíà sì nà wọ́n padà 4-1, ó fi bẹ́ẹ̀ lọ sí Ajẹntínà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé bọ́ọ̀lù Odiye gba òkè kọjá, tí a ta ọ̀mì 0-0. Àmì 4 la máa ní. Tùnísíà á ní 4. Íjíbítì náà á ní 4. Bí ẹ bá yọ iye góòlù tó wọlé wa kúrò nínú iye tí a gbá wọlé, 2 ló kù sí wa lọ́wọ́. Ti Tùnísíà náà, 2. Ṣùgbọ́n góòlù 5 péré la gbá wọlé, tiwọn á jẹ́ 6. Ẹ̀yin ará, kí orí Odiye tó kan bọ́ọ̀lù yẹn rárá, ọ̀mì lásán kò tó wa! Àwọn iwájú ló yẹ kó gbá góòlù wọlé ní Èkó lọ́jọ́ náà, wọn ò gbá ẹyọ kan. Àwọn 3 tó wọlé wa ní Cairo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn dá àpèjẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Odiye nìkan ni wọ́n rí mú.

Kì í sì í ṣe pé a kò ní báàkì. Ní ọdún 1977 yẹn kan náà, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, tó gba ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà ní 1976, pàdé Rangers ti Enugu nínú ìdíje náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pàdé, 0-0 àti 0-0. Ìbàdàn ní àwọn bíi Samuel Ojebode lẹ́yìn àti Best Ogedegbe nínú ilé, Enugu ní Christian Chukwu àti Okala. Pẹ́náritì ni Rangers fi kọjá, 4-2, wọ́n sì gba ife náà. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ìdíje yẹn ni ìjà Yorùbá òun Ìgbò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé nínú ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀hún, bọ́ọ̀lù kò wọlé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó fi máa di 1980, Otto Gloria ará Bùràsíìlì, tó kó Pọtogí dé ipò kẹta ní ife àgbáyé 1966, ti di kóòṣì wa. Ó fi Chukwu ṣe balógun, ó fi Tunde Bamidele sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín, David Adiele àti Okey Isima wà lápá méjèèjì, Ogedegbe sì ń ṣọ́ ilé. Chukwu kì í ṣe àlejò, ó ti wà nínú ikọ̀ ṣáájú 1977. Gloria kò lé àgbà dànù nítorí ẹkún àná. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: Tànsáníà gbá ẹyọ kan wọlé wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a nà wọ́n 3-1. Lẹ́yìn ìyẹn, Ivory Coast, Íjíbítì, Mòrókò àti Àlùjẹ́ríà, kò sí èyí tó rí ilé wa wọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, a na Àlùjẹ́ríà 3-0, a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa ọjọ́ náà: Segun Odegbami, góòlù 2, Muda Lawal, 1. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Bamidele?

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní oṣù kẹwàá 1981, Àlùjẹ́ríà yìí kan náà wá sí Èkó, wọ́n nà wá 2-0, wọ́n tún nà wá 2-1 nílé wọn, ni ife àgbáyé 1982 bá bọ́ lọ́wọ́ wa. Ti Ítálì ní 1994 kò tíì kúrò lára mi: à ń nà wọ́n 1-0 títí di ìṣẹ́jú 88, wọ́n ti dín ẹni 1 kù nínú wọn pàápàá, kí Roberto Baggio tó dá a padà, tó sì fi pẹ́náritì parí ẹ̀ nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un.

Ẹni tó wá mọ bí a ṣe ń yan ẹ̀yìn ni Stephen Keshi, torí òun fúnra rẹ̀ ṣe báàkì. Kó tó lọ sí South Africa ní 2013, ariwo pọ̀ pé ó fi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé kún ikọ̀. Ó mú Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ó fi ọmọ ọdún 19 kan, Kenneth Omeruo, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Joseph Yobo tó jẹ́ balógun, ó ní kó jókòó. Ẹ wo ìgboyà! Bí ọmọ méjèèjì bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá lẹ́ẹ̀kan, Keshi la máa sun. Ní tèmi, kì í ṣe eré sísá wọn ló rí. Ó rí i pé wọ́n ń pe ara wọn, pé bí ọ̀kan bá jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù, èkejì á ti bọ́ sí ibi tó fi sílẹ̀. Irú nǹkan báyìí kì í hàn sí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù nìkan.

Góòlù 4 ló wọlé wa nínú ìdíje 6. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 2013, Sunday Mba gbá ẹyọ kan wọlé Burkina Faso, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yẹn sì ṣọ́ ọ títí fèrè fi dún. Ìparí eré ni Keshi tó mú Yobo wọlé, òun ló sì gbé ife náà sókè. Lọ́dún yẹn náà ni Rizespor ti ilẹ̀ Tọ́kì wá mú Oboabona lọ.