Ohùn Tí Kò Bá Àwòrán Kú: Doctor Who Gẹ́gẹ́ Bí Eré Etí

Àwọn àgbà wa ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ìtàn tí mo mú wá lónìí jẹ́ ti ibi tí àwòrán ti fọ́, tí ohùn kò sì fọ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ Doctor Who lórí amóhùnmáwòrán: ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì nípa arìnrìn-àjò kan tí ń la àkókò àti òfuurufú kọjá. Nítorí pé téèpù wọ́n nígbà náà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú eré náà rẹ́. Apá tí ó ju 90 lọ ni àwòrán rẹ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kan ti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gba ohùn rẹ̀ nínú ilé wọn. Nítorí náà, kò sí ìkankan nínú àwọn apá wọ̀nyí tí a kò lè gbọ́ lónìí.

Nígbà tí BBC dá eré náà dúró fún ìgbà díẹ̀ ní 1985, asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó gbà á sílé: wọ́n gbé Slipback, tí Eric Saward kọ, jáde ní apá 6 lórí Radio 4. Ní 1989, amóhùnmáwòrán pa á tì. Yàtọ̀ sí fíìmù kan ní 1996, kò padà títí di 2005. Láàárín àkókò yìí, ní oṣù Keje 1999, ilé-iṣẹ́ Big Finish gbé The Sirens of Time jáde fún etí nìkan. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe Dókítà rí, Peter Davison, Colin Baker àti Sylvester McCoy, ni wọ́n jọ kópa nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọmọ ọ̀dọ̀ lásán ni eré etí jẹ́ fún eré ojú. N kò gbà. Nígbà tí amóhùnmáwòrán tún gba eré náà padà ní 2005, Robert Shearman kọ apá kan tí ń jẹ́ "Dalek". Inú Jubilee, eré etí tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún Big Finish ní 2003, ni ó ti mú kókó rẹ̀. Ọmọ wá di ẹni tí ń bọ́ ìyá.

Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ohùn a máa fún olùgbọ́ níṣẹ́ ṣe: òun ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó gba ohùn àwọn ọdún wọ̀nyẹn là, ará ilé tí ó fẹ́ràn eré ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní téèpù eré àtijọ́ nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe gba ohun mìíràn lé e lórí.